Sidney Farber (1903–1973): Dókítà Tí Ó Fi Oògùn Kojú Jẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Ọmọdé

Sidney Farber jẹ́ dókítà ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó fi han aráyé, láàárín ọdún 1947 sí 1948, pé oògùn lè dá jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ dúró lára ọmọdé. Ṣáájú àkókò náà, ọ̀nà méjì ni àwọn oníṣègùn gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ láti kojú àrùn jẹjẹrẹ: kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e kúrò, tàbí kí wọ́n fi ìtànṣán jó o. Ọ̀nà méjèèjì kò wúlò tó fún jẹjẹrẹ tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kì í dúró sójú kan tí ọ̀bẹ fi lè bá a.

Ìbí àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

A bí Farber ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1903, ní ìlú Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York. Júù ni àwọn òbí rẹ̀, ilẹ̀ Poland sì ni wọ́n ti ṣí wá sí Amẹ́ríkà. Ọmọ 14 ni wọ́n bí. Farber ni ó ṣe ẹ̀kẹta. Ó kàwé ní yunifásítì ìlú Buffalo, ó sì jáde níbẹ̀ ní ọdún 1923. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà ni ó fi ààlà sí iye ọmọ Júù tí wọ́n lè gbà wọlé. Ìdí nìyí tí Farber fi kọjá sí Jámánì, tí ó sì lo ọdún kan ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Heidelberg àti Freiburg. Nígbà tí ó ti fi ara rẹ̀ hàn ní ọ̀jáfáfá níbẹ̀, Harvard gbà á sí ọdún kejì, ó sì gboyè ìṣègùn ní ọdún 1927. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó gbé Norma Holzman níyàwó, obìnrin olórin àti akéwì tí ó padà di gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé fún àwọn ọmọdé.

Iṣẹ́ rẹ̀ láàárín òkú

Ẹ̀ka ìmọ̀ tí Farber yàn ni èyí tí ń ṣàyẹ̀wò ẹran ara àti òkú láti mọ ohun tí àrùn ṣe sí ènìyàn. Ní ọdún 1929, ó di ẹni àkọ́kọ́ tí ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní ìlú Boston gbà fún irú iṣẹ́ yìí láìṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn. Àwọn dókítà mìíràn ni ó ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ó wà láàyè. Nígbà tí ikú bá ti mú ọmọ lọ tán ni ó ń kan Farber. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ní ọdún 1937, ó tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ṣe ń ṣàyẹ̀wò òkú. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ogún ọdún tí ó fi ń sọ ohun tí ó pa ọmọ láìlè gba ẹyọ kan sílẹ̀ kò rọrùn fún un. Àwọn tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ pa wà lára àwọn tí ó ń dé iwájú rẹ̀ lemọ́lemọ́.

Mùdùnmúdùn inú egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Níbẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ wà, àwọn tí sẹ́ẹ̀lì pupa, sẹ́ẹ̀lì funfun àti àwọn sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́ tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ti ń jáde. Bí jẹjẹrẹ bá wọ ibẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí kò gbó yóò máa pọ̀ láìníwọ̀n, wọn yóò sì gba àyè mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Ọmọ náà yóò ṣì funfun nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò máa dà lára rẹ̀, àrùn kékeré yóò sì lè gbé e ṣánlẹ̀. Rudolf Virchow, onímọ̀ ìṣègùn ní Jámánì, ni ó fún àrùn yìí ní orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é títí di òní, ní ọdún 1847. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko kọjá lẹ́yìn náà, kò sì sí ohun tí dókítà lè ṣe ju kí ó fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ lára, kí ó sì dín ìrora rẹ̀ kù. Láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, ọmọ náà yóò kú.

Àṣìṣe tí ó la ọ̀nà

Láti ilẹ̀ Íńdíà ni okùn ìmọ̀ tí Farber gbá mú ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1920, dókítà obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Lucy Wills, ń ṣe ìwádìí lórí àìtó ẹ̀jẹ̀ tí ó ń bá àwọn aláboyún tí ó jẹ́ tálákà fínra ní Bombay. Ó rí i pé ohun kan tí ó wà nínú ìwúkàrà ń wò wọ́n sàn. Ohun náà ni a wá mọ̀ sí folic acid, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì kò lè ṣe aláìní bí ó bá fẹ́ pín sí méjì.

Farber rò ó pé bí folic acid bá ń tún ẹ̀jẹ̀ ṣe fún àwọn aláboyún wọ̀nyẹn, ó lè tún un ṣe fún àwọn ọmọ tí jẹjẹrẹ ń bá jà pẹ̀lú. Ó gbìyànjú rẹ̀, ṣùgbọ́n òdì kejì ohun tí ó retí ni ó rí. Àrùn náà tún le sí i, ó sì yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ti fún ọ̀tá ní oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ìbá dáwọ́ dúró níbẹ̀. Farber yí ìbéèrè náà po: bí folic acid bá ń bọ́ jẹjẹrẹ, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá fi í du jẹjẹrẹ?

Ẹni tí ó lè bá a wá ìdáhùn ni Yellapragada Subbarow, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí ó ń darí ìwádìí ní ilé iṣẹ́ oògùn Lederle ní ìpínlẹ̀ New York. Òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti mọ bí a ṣe ń ṣe folic acid, wọ́n sì tún ṣe àwọn èròjà tí ó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun. Bí kọ́kọ́rọ́ ayédèrú ni àwọn èròjà wọ̀nyí rí: wọ́n ń wọ inú àgádágodo, ṣùgbọ́n wọn kò lè yí i, wọn kò sì jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ gidi ráyè wọlé. Sẹ́ẹ̀lì tí ó bá gbé irú rẹ̀ mì kò ní lè pín mọ́. Nítorí pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ a máa pín ní ìkánjú, òun ni ìyà náà máa ń jẹ jù.

Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1947, Farber bẹ̀rẹ̀ sí í lo èyí tí ó lágbára jù nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní aminopterin. Lára àwọn ọmọ 16 tí ó fún ní oògùn náà, ara 10 yá. Iye sẹ́ẹ̀lì funfun wọn wálẹ̀, ikùn tí ó wú fọ̀, àwọn tí kò lè dìde sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, wọ́n ń ṣeré. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1948, Farber àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde náà jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tí ó lókìkí jù ní agbègbè wọn. Wọn kò fi irọ́ kún un: nínú àkọlé rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti sọ pé ìtura fún ìgbà díẹ̀ ni. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àrùn náà padà, àwọn ọmọ náà sì kú. Subbarow pẹ̀lú kú ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, kò sì rí ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ padà dé.

Àtakò àti ìdáhùn rẹ̀

Yorùbá gbà pé àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Ohun tí ó wà láàárín Farber àti ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà ayé rẹ̀ nìyí: ikú ni wọ́n ka jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ sí, àrùn ni òun kà á sí. Wọ́n ní ìdí fún àtakò wọn. Oògùn náà ní májèlé nínú. Ó ń dá egbò sí ẹnu àwọn ọmọ, ó sì ń ba sẹ́ẹ̀lì tí kò ṣe nǹkan kan jẹ́ mọ́ èyí tí ó ṣàìsàn. Kò tíì sí òfin bíi ti òde òní tí ó de ọwọ́ olùwádìí lórí ohun tí ó gbọ́dọ̀ sọ fún aláìsàn àti ẹbí rẹ̀. Ó jọ àwọn kan lójú pé kí a jẹ́ kí ọmọ tí yóò kú sinmi ni àánú. Ní ti Farber, oṣù mẹ́ta tí ọmọ kan fi tún jókòó ti ìyá rẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí oògùn tí ó sàn ju ti àná lọ lè gbà dé. Kò sí èyí tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn nínú èrò méjèèjì, ìjiyàn náà sì wà ní ilé ìwòsàn títí di òní.

Ìdáhùn Farber kò mọ sí orí oògùn nìkan. Ó gbà pé kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì ni ó ń ṣàìsàn bí kò ṣe odidi ọmọ, àti pé ẹbí ń bá a ṣàìsàn náà. Nítorí náà, ó kó dókítà, nọ́ọ̀sì, onímọ̀ oúnjẹ àti òṣìṣẹ́ tí ń gbọ́ ìṣòro ìdílé sí abẹ́ òrùlé kan, kí òbí má baà máa gbé ọmọ kiri láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn.

Owó ni irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1948, ètò orí rédíò kan gbé ohùn ọmọkùnrin aláìsàn kan, tí wọ́n pè ní Jimmy láti bo orúkọ rẹ̀, káàkiri Amẹ́ríkà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ọmọ náà fẹ́ràn wá kí i lórí ibùsùn. Wọ́n bẹ àwọn olùgbọ́ pé kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ kí Jimmy lè ní amóhùnmáwòrán. Owó tí ó wọlé lé ní 200,000 dọ́là. Láti inú owó Jimmy yìí ni ilé ìtọ́jú tuntun ti dìde, tí a sì ṣí i ní ọdún 1952. Jimmy fúnra rẹ̀ sàn, ó dàgbà, ó sì lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún kí ó tó kú.

Ọdún ìkẹyìn àti ohun tí ó fi sílẹ̀

Láti àwọn ọdún 1950, Farber dara pọ̀ mọ́ Mary Lasker, obìnrin tí ó mọ bí a ṣe ń bá ìjọba sọ̀rọ̀, láti máa rọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé kí wọ́n ná owó sórí ìwádìí jẹjẹrẹ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1971, Ààrẹ Richard Nixon bu ọwọ́ lu òfin tí ó sọ ìwádìí náà di iṣẹ́ orílẹ̀-èdè. Farber kú ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ọdún 1973, ní ẹni ọdún 69. Ilé iṣẹ́ ìwádìí tí ó dá sílẹ̀ ni a mọ̀ lónìí sí Dana-Farber.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé e rí i pé oògùn kan ṣoṣo kò tó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í da oògùn mélòó kan pọ̀. Methotrexate, tí ó jẹ́ àbúrò aminopterin, wà lára wọn títí di òní. Denis Burkitt lò ó ní Uganda fún jẹjẹrẹ tí ń mú àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ní àgbọ̀n. Ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, nǹkan bí ọmọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tí ó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù lára ọmọdé ni ó ń yè báyìí.

E. Donnall Thomas, ọ̀dọ́ dókítà tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ìtura àwọn ọmọ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn ní Boston, gba ọ̀nà mìíràn. Èrò rẹ̀ ni pé kí a pa mùdùnmúdùn tí ó ti bàjẹ́ run pátápátá, kí a sì fi ti ẹlòmíràn tí ẹran ara wọn bára mu rọ́pò rẹ̀. Láti inú iṣan ni a ti ń fà á sí aláìsàn lára bí ẹni fa ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ náà yóò sì wá ọ̀nà ara wọn dé inú egungun. Iṣẹ́ yìí gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1990. Ní ọdún 2011, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Benin ṣe irú rẹ̀ ní Nàìjíríà fún ọmọdé kan tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Farber kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ mùdùnmúdùn ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òun ni ó kọ́kọ́ fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ tí jẹjẹrẹ ti gbà lè tún padà di ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí ń ṣeré, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ fún ìgbà díẹ̀.