Emil von Behring, Ọmọ Olùkọ́ tí ó Wá Ẹ̀rọ̀ Oró nínú Ẹ̀jẹ̀

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1854 ni a bí Emil Behring ní ìletò Hansdorf, ní ilẹ̀ Prussia àtijọ́. Olùkọ́ ni baba rẹ̀. Ọmọ pọ̀ nílé, owó kò sì tó. Nítorí náà ni Emil fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti àwọn ológun ní Berlin ní ọdún 1874. Àwọn ológun ni ó san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀, òun náà sì fi ọ̀pọ̀ ọdún sìn wọ́n.

Ní àkókò náà, àrùn dìfitéríà ń pa àwọn ọmọdé ní Yúróòpù lọ́pọ̀lọpọ̀. Awọ kan a máa bo ọ̀nà ọ̀fun ọmọ, èémí a sì há mọ́ ọn, títí yóò fi kú lójú ìyá rẹ̀. Kòkòrò àrùn náà a tún máa tú oró sínú ara.

Behring dé ilé-iṣẹ́ Robert Koch ní Berlin ní ọdún 1889. Níbẹ̀ ni òun àti Kitasato, ará Japan, ti rí i pé bí a bá fún ẹranko ní oró díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n tí kò lè pa á, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ a pèsè ẹ̀rọ̀ oró náà. Bí a bá sì gún omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ara ẹranko mìíràn, ẹ̀rọ̀ náà a gba ìyẹn là. Wọ́n kéde èyí ní oṣù Kejìlá ọdún 1890.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Oògùn ìṣáájú kò lágbára tó, títí Paul Ehrlich fi wá ọ̀nà àtiwọn agbára rẹ̀. Ní Paris, Émile Roux lo ẹ̀jẹ̀ ẹṣin. Ní ọdún 1894 ó ròyìn pé níbi tí ọmọ tí ó lé ní 50 ti ń kú tẹ́lẹ̀ nínú 100, nǹkan bí 25 ni ó ń kú mọ́.

Ní ọdún 1901, Behring ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ti ìṣègùn. Ehrlich gba tirẹ̀ ní ọdún 1908. Kitasato kò gbà á rí.

Behring kò fi ògo yìí sinmi. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn dàbí aṣọ àyálò: kì í pẹ́ lára. Ní ọdún 1913 ó kéde àdàpọ̀ oró àti ẹ̀rọ̀, kí ara ọmọ lè kọ́ láti pèsè ẹ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ kí àrùn tó dé. Ó kú ní Marburg ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1917.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ ìlera, ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn ọmọ olùkọ́ yìí fún wọn. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbàgbé orúkọ Kitasato.