Wọ́n ní Awólọ́wọ̀ kò gbọdọ̀ fèsì lórí rédíò, ló bá gbé tẹlifíṣàn dé

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ni kò mọ̀ pé Abafọn, tí kò jìnnà sí Ìkòròdú, wà lára ibi méjì tí wọ́n ri òpó sí nígbà tí tẹlifíṣàn kọ́kọ́ dé Nàìjíríà lọ́dún 1959. Ọkùnrin tó gbé e dé ni Olóògbé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ohun tó sì fà á ni pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ sísọ dù ú.

Ìlú Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ kẹfà, oṣù kẹta, ọdún 1909. Ọdún 1920 ni baba rẹ̀ kú, ìyà sì jẹ ẹ́ gan-an. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé, ó ra kòkó, ó fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò, kó tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1944. Nígbà tó dé, ó dá ìwé ìròyìn Tribune sílẹ̀ lọ́dún 1949. Lọ́dún 1951, ẹgbẹ́ Action Group, tí àwọn àgbà mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, jáde síta. Olóyè S. O. Gbàdàmọ́sí, ọmọ Ìkòròdú, wà lára àwọn òpómúléró ẹgbẹ́ náà.

Lóṣù kẹta, ọdún 1953, Olóyè Anthony Enahoro dá a lábàá nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ékòó pé kí Nàìjíríà gba òmìnira lọ́dún 1956. Àwọn aṣòfin Òkè Ọya kò gbà, ìjà dé, àwọn mínísítà Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sì kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ni Gómìnà Macpherson bá bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó di ẹ̀bi ru Awólọ́wọ̀ àtàwọn èèyàn rẹ̀. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n gba òun náà láàyè kóun fèsì lórí rédíò kan náà, àwọn òyìnbó kọ̀ jálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni.

Kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1954 fún ìjọba ẹkùn kọ̀ọ̀kan lágbára láti ní rédíò tirẹ̀. Ọdún yẹn náà ló di Pírémíà Ìwọ̀ Oòrùn. Lọ́jọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn, pẹ̀lú àjọṣe iléeṣẹ́ òyìnbó kan, Overseas Rediffusion. Òpó kan wà ní Mápó, èkejì wà l'Ábafọn. Abẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà nígbà náà, kì í ṣe abẹ́ Èkó. Tiwọn ni tẹlifíṣàn náà, bí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìíní, ọdún 1955 ṣe jẹ́ tiwọn.

Àmọ́ Awólọ́wọ̀ kò gbádùn rẹ̀ pẹ́. Kó tó pé oṣù méjì tó ṣí i, ó ti kúrò nípò Pírémíà. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1962, ọwọ́ àwọn tó bá a jà ni iléeṣẹ́ náà bọ́ sí. Lọ́dún 1963, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀wọ̀n Kàlàbá ló wà tí tẹlifíṣàn tó dá sílẹ̀ ń sọ̀rọ̀, tí òun kò lẹ́nu níbẹ̀. Yakubu Gowon ló tú u sílẹ̀ lóṣù kẹjọ, ọdún 1966.

Lọ́dún 1967, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ bọ́ sábẹ́ ìpínlẹ̀ Èkó. Nígbà tó yá, ìjọba ológun gba WNTV, ó sì di NTA Ìbàdàn. Òfin ọdún 1979 ló tún gba àwọn ìpínlẹ̀ láàyè. Alhaji Lateef Jákàńdè, ọmọlẹ́yìn Awólọ́wọ̀ tí wọ́n jọ rán lẹ́wọ̀n, ló dá tẹlifíṣàn ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ lọ́dún 1980, táwọn ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ fi tún ní tiwọn.

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún, ọdún 1987 ni Awólọ́wọ̀ kú n'Ìkẹ́nnẹ́. Ẹnu tí wọ́n fẹ́ pa mọ́ lọ́dún 1953 ti di ti gbogbo ìlú kó tó lọ.