ÌTÀN ÌGBÉSÍ AYÉ OLÓÒGBÉ BÀBÁ J. B. ṢADARE (ESINSINADE)

Ó yẹ kí á rántí àwọn tó la ọ̀nà tí à ń tọ̀ lónìí. Ọ̀kan nínú wọn kò jìnnà sí wa rárá. Ìjẹ̀bú-Òde ló ti ṣiṣẹ́ Olúwa. Láyé ọjọ́un, àwọn ará ibẹ̀ tó bá ń lọ Èkó á gba Ìkòròdú wa yìí, tàbí Èjìnrìn ní ìhà Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ lórí ọ̀sà.

Alágbẹ̀dẹ wúrà ni Bàbá Ṣadare. Ṣọ́ọ̀ṣì St. Saviour ló ń lọ, ó sì ní ìjókòó ní Síńọ́ọ̀dù Ìjọ Áńgílíkà. Ipò ńlá nìyẹn nígbà náà.

Ní September 1918, ọkọ̀ òkun gbé àjàkálẹ̀ àrùn influenza wọ Èkó. Kò pẹ́ tó fi dé Ìjẹ̀bú, tí àwọn àgbà ń pè é ní Lukuluku. Àgbo kò ran án, oògùn òyìnbó kò ràn án. Ọ̀pọ̀ ilé ló ṣọ̀fọ̀. Nígbà náà ni Bàbá àti àwọn díẹ̀ kóra jọ fún àdúrà. Olùkọ́ obìnrin kan, Sophia Odunlami, tí àrùn náà kọ lù, ní Ẹ̀mí sọ fún òun pé kí wọ́n pa oògùn tì, kí wọ́n lo omi òjò pẹ̀lú ìgbàgbọ́. Bí Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ṣe fìdí múlẹ̀ nìyẹn.

Ìjọ wọn kò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ oògùn, àlá àti ìran, àti ìrìbọmi ọmọ-ọwọ́ ló fa ìjà. Ní 1922, wọ́n ní kí Bàbá yàn. Ó fi Síńọ́ọ̀dù sílẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ní Èkó, àwọn ọmọ ará ẹgbẹ́ míì sì kúrò ní ilé-ìwé Ìjọ. Síbẹ̀, Bàbá kò yẹsẹ̀. Wọ́n so pọ̀ mọ́ Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà, nípasẹ̀ David Odubanjo ní Èkó.

Ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà ní 1930, nípasẹ̀ Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ní 1931 àwọn òyìnbó Apostolic Church dé láti Bìrìtéènì. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó náà ń lo kuiníìnì sí ibà. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó pín wọn níyà. Ní 1943 ni ìjọba forúkọ Christ Apostolic Church sílẹ̀. Bàbá Ṣadare sùn nínú Olúwa ní 1962.

Ẹ̀yin ará, kí ni ìtàn yìí ń kọ́ wa? Ara tirẹ̀ ni Bàbá fi lélẹ̀, iyì tirẹ̀ ló sì pàdánù. Òfin ilẹ̀ wa ti wá gbè é lẹ́sẹ̀ báyìí. Ní 2001, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá dókítà kan láre, ẹni tí aláìsàn rẹ̀ kọ ẹ̀jẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́, tó sì kú. Wọ́n ní àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ló ni ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2019, ilé-ẹjọ́ yẹn kan náà sọ pé ti ọmọ-ọwọ́ kò rí bẹ́ẹ̀: òbí kò lè fi ìgbàgbọ́ tirẹ̀ dí ọmọ lọ́wọ́ ohun tí yóò gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa. Ní 1918, dókítà kò ní oògùn tó kápá àrùn yẹn. Lónìí, ibà ní oògùn. Wòlíì tàbí ìyá ìjọ tó bá ní kí aboyún tàbí ọmọ má lọ ọsibítù, ẹrù ẹlòmíràn ló ń gbé. Ẹni tó bá sì fẹ́ dúró lórí àdúrà nìkan, kí ó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló yàn án, kí dókítà ti ṣàlàyé fún un yékéyéké, kí ẹnikẹ́ni má fi í ṣẹ̀sín.

Kí Ọlọ́run Bàbá Ṣadare bá wa gbé. A ó ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé nínú ìlera. Àmín.