Àìná Ọmọ Òkè-Òdàn: Ìgbésí Ayé Sarah Forbes Bonetta Davies

Lára àwọn ọmọ bíbí ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí, díẹ̀ ni obìnrin tí orúkọ rẹ̀ tàn dé òkè òkun ní ayé àtijọ́ bíi ti Sarah Forbes Bonetta Davies. Àwòrán rẹ̀ wà nínú ilé ìpamọ́ àwòrán àwọn gbajúmọ̀ ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn òǹkọ̀wé sì ti kọ ìwé nípa rẹ̀. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé, níbi púpọ̀ tí wọ́n ti sọ ìtàn náà, ọmọ tí wọ́n fi ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé kò ní ilé kankan tẹ́lẹ̀. A rí i pé ó yẹ kí ará ilé sọ ìtàn yìí bí ará ilé, kí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti Òkè-Òdàn, kí a sì parí rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí ó bí.

Òkè-Òdàn wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa. Nǹkan bí ọdún 1843 ni wọ́n bí i. Àìná ni orúkọ rẹ̀. A kì í ṣàdédé sọ ọmọ ní Àìná nílẹ̀ Yorùbá. Orúkọ àmútọ̀runwá ni, ti ọmọbìnrin tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Orúkọ yìí nìkan tó láti fi hàn wá pé àwọn kan wà nílé tí wọ́n fi ayọ̀ gbà á lọ́wọ́ agbẹ̀bí, tí wọ́n wò ó dáadáa, tí wọ́n sì pè é ní orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ mú wá.

Lásìkò náà, agbára Ọ̀yọ́ Ilé, tí ó ti ń dáàbò bo àwọn ìlú Ẹ̀gbádò tí a mọ̀ sí Yewa nísinsìnyí, ti wó. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì lábẹ́ Ọba Gezo wá ń já wọ àwọn ìlú náà, wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú. Ní ọdún 1848, wọ́n kọlu Òkè-Òdàn. Wọ́n pa ìyá àti bàbá Àìná, wọ́n sì kó òun lọ sí Abomey. Ọmọ nǹkan bí ọdún márùn-ún ni. Ní ọdún 1851, àwọn ọmọ ogun yìí kan náà dé ẹnu odi Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá sì ṣẹ́gun wọn. Òkè-Òdàn kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀.

Ọdún kejì tí Àìná ti wà ní ìgbèkùn, ìyẹn ọdún 1850, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi kan, sí Ọba Gezo pé kí ó jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Ọba náà kò gbà. Ṣùgbọ́n ó kó ẹ̀bùn jọ fún Ọbabìnrin Victoria, ọmọbìnrin kékeré yìí sì wà lára ẹ̀bùn náà. Forbes gbà pé bí òun bá kọ̀ ọ́, wọn yóò fi ọmọ náà rúbọ, nítorí náà ó mú un lọ. Ó sọ ọ́ ní Sarah, ó fún un ní orúkọ ara rẹ̀, Forbes, ó sì fi orúkọ ọkọ̀ rẹ̀, Bonetta, kún un. Bí wọ́n ṣe fi orúkọ ọkọ̀ ogun bo Àìná mọ́lẹ̀ nìyẹn. Òótọ́ ni pé ẹ̀mí rẹ̀ là. Òótọ́ tún ni pé ọmọ ènìyàn ni ọba kan fi ta ọba mìíràn lọ́rẹ. A kò gbọdọ̀ tìtorí èkíní gbàgbé èkejì.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1850, wọ́n mú un dé iwájú Ọbabìnrin ní ààfin Windsor. Làákàyè ọmọ náà wú Ọbabìnrin lórí, ó sì gbà láti máa náwó sí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bá a lára mu. Ní ọdún 1851, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí ìjọ CMS dá sílẹ̀ ní Freetown, nílẹ̀ Sàró. Ní ọdún 1855, wọ́n tún dá a padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ́dọ̀ ìdílé Àlùfáà Schön. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí ó ti ré òkun kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sì sí èyí tí wọ́n bi í léèrè bóyá ó fẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀. James Pinson Labulo Davies ni ó wá fẹ́ ẹ. Sàró ni wọ́n bí Davies sí, ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú sì ni àwọn òbí rẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń lé àwọn ọkọ̀ ẹrú, ó sì wà nínú ogun tí wọ́n fi ìbọn ńlá jà ní Èkó ní ọdún 1851. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó di oníṣòwò pàtàkì ní Èkó. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú. Sarah kò kọ́kọ́ gbà fún un, nítorí ọkàn rẹ̀ kò fà sí i. Ṣùgbọ́n níbi tí ìyá àti bàbá ì bá ti dá sí ọ̀rọ̀, ààfin ni ó ń dá sí i. Wọ́n mú un lọ gbé ní ìlú Brighton títí ó fi gbà. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹjọ, ọdún 1862, wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní ìlú náà.

Láti ìgbà yìí ni ìtàn náà yí padà. Tọkọtaya náà padà sí Áfíríkà. Sarah ṣe olùkọ́ ní Freetown kí wọ́n tó wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó. Ní ọdún 1863, ó bí ọmọbìnrin kan. Ó tọrọ àṣẹ láti sọ ọmọ náà ní Victoria, Ọbabìnrin sì di ìyá ìsàmì rẹ̀. Ní ọdún 1867, ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ kí Ọbabìnrin. Ìrìn àjò yìí yàtọ̀ sí ti ọdún 1850: ẹni tí wọ́n mú wá bí ẹ̀bùn nígbà náà ni ó wá bí ìyá ọlọ́mọ lọ́tẹ̀ yìí. Ó bí Arthur ní ọdún 1871, ó sì bí Stella ní ọdún 1873.

Ayé kò dẹrùn títí. Òwò Davies dẹnu kọlẹ̀, gbèsè wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ sì di ti ilé ẹjọ́. Lákòókò ìdààmú yìí ni àìsàn ikọ́ ife ń dá Sarah gúnlẹ̀. Wọ́n ní kí ó lọ gba afẹ́fẹ́ ní erékùṣù Madeira tí í ṣe ti àwọn Potogí. Ibẹ̀ ni ó kú sí, ní ìlú Funchal, ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹjọ, ọdún 1880, ọjọ́ kan lẹ́yìn tí ìgbéyàwó rẹ̀ pé ọdún méjìdínlógún. Kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Ọkọ rẹ̀ gbé òpó òkúta kalẹ̀ ní ìrántí rẹ̀ ní Ìjọn, níbi oko tí òun ti wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbin kòkó ní agbègbè Èkó.

Ààfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbàgbé Victoria ọmọ rẹ̀. Ọbabìnrin ń bá a gbọ́ bùkátà. Òun ni ó fẹ́ Dókítà John Randle, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé àṣà Yorùbá tí ó wà ní Oníkan, ní Èkó, títí di òní. Stella bí ọmọbìnrin kan fún Herbert Macaulay, olóṣèlú ńlá nì, wọ́n sì sọ ọmọ náà ní Sarah. Ẹni tí ogun gba ìyá àti bàbá lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọmọ ọdún márùn-ún ti di ìyá ńlá tí ìran kan ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun wọn.

Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo olùgbé ìpínlẹ̀ yìí mú nínú ìtàn yìí kò ju ọ̀kan lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n kó ní Òkè-Òdàn àti ní àwọn ìlú Yewa yòókù, tí ẹnì kankan kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ti Àìná wà nítorí pé ó dé ibi tí wọ́n ti ń kọ̀wé. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ṣì rántí ìtàn ogun tí àwọn bàbá ńlá yín sọ fún yín, ẹ pe àwọn ọmọ jókòó, ẹ sọ ọ́ fún wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń sọ ìtàn Sarah Forbes Bonetta fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ pé Àìná ni, ọmọ Òkè-Òdàn.