Ta ni yóò jogún ilé pupa? Ìtàn Pierre Fátúmbí Verger, òyìnbó tó di babaláwo

Lọ́dún 1988, ọkùnrin ará Faransé kan tó ti kọjá ẹni ọdún 85 ń ronú nípa ilé rẹ̀ tó wà nílùú Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní orílẹ̀-èdè Brazil. Ilé kékeré ni, ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kùn ún, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù tí wọ́n ń pè ní Engenho Velho de Brotas ló sì wà. Bàbá arúgbó náà kò ní ìyàwó, kò sì bímọ. Ìyá rẹ̀, tó kù fún un nínú ẹbí, ti kú láti ọdún 1932. Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ ló ń jogún ilé. Bí kò bá sí ọmọ, àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n yóò yọjú. Ti ọkùnrin yìí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ilé náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló gba àròjinlẹ̀: nẹ́gátíìfù àwòrán tó lé ní 62,000, ìwé tó kún inú yàrá, lẹ́tà, àti àkọsílẹ̀ ẹsẹ Ifá àti ewé tó gbà lẹ́nu àwọn babaláwo. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà nínú àwòrán wọ̀nyí ló jẹ́ Yorùbá àti Fọ̀n, àti ọmọ ọmọ àwọn tí òwò ẹrú kó kọjá òkun. Bí bàbá náà bá kú láìṣètò, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ ká sọ́jà, tàbí kí òjò àti ikán pín in jẹ.

Pierre Verger ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Fátúmbí ni orúkọ tí Ifá sọ ọ́.

Ọmọ olówó tó kẹ́yìn sí ọrọ̀

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kọkànlá, ọdún 1902 ni wọ́n bí i sílùú Paris. Ìdílé rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé, owó sì wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò fara mọ́ ìgbé ayé àwọn ọlọ́lá. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kò sì padà síbẹ̀.

Ọdún 1932 ló yí ayé rẹ̀ padà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Pierre Boucher, kọ́ ọ ní iṣẹ́ fọ́tò, ó sì ra kámẹ́rà Rolleiflex. Lọ́dún kan náà ni ìyá rẹ̀ kú. Nítorí kó má bàa kó ìbànújẹ́ bá obìnrin náà ló ṣe ń lọ́ra láti dágbére fún irú ìgbé ayé tí wọ́n tọ́ ọ sí. Nígbà tí ìyá lọ, kò sí ohun tó tún dá a dúró mọ́. Fún bí ọdún 14, ó rìn yí ká ayé: Tahiti, Amẹ́ríkà, Japan, China, ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, Mexico, Philippines, Peru. Àwòrán tó ń tà fún àwọn ìwé ìròyìn ló fi ń jẹun.

Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹjọ, ọdún 1946 ló gúnlẹ̀ sí Salvador. Ó ti ka Jubiabá, ìwé ìtàn àròsọ tí Jorge Amado kọ nípa àwọn ènìyàn dúdú ìlú náà, ó sì fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Ìwé ìròyìn O Cruzeiro gbà á síṣẹ́. Ohun tó rí kọjá ohun tó kà. Àwọn obìnrin ń ta àkàrà lójú títì, àkàrà náà ni wọ́n sì ń pè é. Ilé òrìṣà kún inú ìlú, wọ́n ń kí Ṣàngó, wọ́n ń kí Ọya, wọ́n ń gbé ẹbọ Yemọja lọ sétí òkun. Ìlú tí Verger kàn fẹ́ yà sí ló wá di ibi tó fi ṣe ilé.

Ìránṣẹ́ láàárín èbúté méjì

Lára àwọn tó mọ̀ ní Salvador ni obìnrin kan tí gbogbo ìlú ń pè ní Mãe Senhora, ìyálórìṣà ilé Ṣàngó tí wọ́n ń pè ní Opó Afonjá. Lọ́dún 1948, ilé iṣẹ́ ìwádìí IFAN tó wà nílùú Dakar fún Verger lówó kó lọ ṣèwádìí ní Dàhòmì, èyí tí a mọ̀ sí Benin lónìí. Kó tó lọ, Mãe Senhora fi orí rẹ̀ fún Ṣàngó, ó sì fi ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti funfun sí i lọ́rùn. Ìlẹ̀kẹ̀ yìí ṣí ilẹ̀kùn fún un ju ìwé àṣẹ ìjọba Faransé lọ. Àwọn olórìṣà rí i, wọ́n mọ ohun tó wà lọ́rùn àlejò náà, wọ́n sì bi í léèrè ibi tó ti rí i.

Láti ìgbà náà ló ti di ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí omi. Ó ń kó ìròyìn Kétu lọ sí Bahia, ó ń kó ìròyìn Bahia wá sí Kétu. Lọ́dún 1952, Aláàfin Ọ̀yọ́ kọ lẹ́tà tó fi Mãe Senhora jẹ oyè Ìyá Nàsó, oyè obìnrin tó ń bójú tó Ṣàngó ọba láàfin. Verger ló gbé lẹ́tà náà kọjá òkun. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó: fún àwọn tí wọ́n kó baba ńlá wọn ní ìgbèkùn, ọba Ọ̀yọ́ ti mọ̀ pé wọ́n wà láàyè, ó sì ti fi oyè kí wọn. Mãe Senhora náà fi Verger jẹ oyè Ojú Ọba nínú ilé Ṣàngó tirẹ̀.

Ní bí ọdún 1953, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nífá ní Kétu. Fátúmbí ni orúkọ tó gbà, ìyẹn ni pé Ifá tún un bí. Ẹni ọdún 50 ni.

Ọkùnrin tí kò parí ilé ẹ̀kọ́ yìí wá gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Sorbonne, Paris, lọ́dún 1966. Ìwé ńlá tó ti ibẹ̀ jáde lọ́dún 1968 sọ ìtàn òwò ẹrú láàárín Bahia àti etíkun tó wà láti Ouidah dé Èkó. Ó fi hàn pé tábà Bahia ni àwọn oníṣòwò fi ń ra ènìyàn ní etíkun wa. Ó tún tọpasẹ̀ àwọn Àgùdà, àwọn tó gba òmìnira, tí wọ́n padà wálé sí Èkó, Àjàṣẹ́ àti Ouidah, tí wọ́n sì kọ́ ilé sí àárín ìlú bí wọ́n ti rí i ní Bahia. Lójú tèmi, iṣẹ́ yìí nìkan tó láti sọ ọ́ di ẹni tí Yorùbá kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Àwọn Àgùdà gba ọ̀nà Brazil wá sílé; òun gba ọ̀nà ilé wọn lọ sí Brazil.

Ilé náà, àti ìfura

Lọ́dún 1960 ló ra ilé pupa ọ̀hún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ilé àpò ìrìn àjò ló rí, nítorí pé ó máa ń pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó bá sì dé, ibùsùn tóóró, tábìlì àti ìwé ti tó o. Àwọn tó ń retí láti rí ilé òyìnbó olówó kì í rí nǹkan kan tó jọ ọ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún 1975, ó wá ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Lọ́dún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, rí orí idẹ kan ní Ifẹ̀ tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Orí Olókun. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ sọ pé ẹ̀dà ni èyí tó kù ní Ifẹ̀. Níbo wá ni ojúlówó wà? Ìròyìn kan tàn kálẹ̀ pé ó wà ní Brazil, ìfura sì bà lé Verger. Wọlé Ṣóyínká sọ nínú ìwé ìrántí tó tẹ̀ jáde lọ́dún 2006 bí òun àti ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábíyìí Yáì ṣe rìnrìn àjò lọ sí Bahia ní ìkọ̀kọ̀ láti gba orí náà padà. Wọ́n mú orí kan dé. Ẹ̀dà lásán ni, irú èyí tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ń tà fún àwọn àlejò.

Ẹ̀gàn Verger kọ́ ló mú kí n mẹ́nu ba ìtàn yìí, mi ò sì fi dẹ́bi fún àwọn tó lọ. Òyìnbó ti kó nǹkan wa lọ jù, ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ rí kò lè rí okùn kó má fò. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti lé ní 70 ọdún ni wọ́n fura sí, tó ti fi bí ọgbọ̀n ọdún dá ọ̀rẹ́ pẹ̀lú àwọn Yorùbá, èyí kò sì lè ṣe é ní nǹkan kékeré. Láti ìgbà náà, ó ti hàn pé ohunkóhun tó bá wà nínú ilé rẹ̀ yóò máa fa ìbéèrè: ta ló ni ín?

Ó padà sí Salvador, ibẹ̀ ló sì kù sí. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n onílé wo ni Verger ní Paris? Ìwé àwòrán rẹ̀ lórí Bahia jáde lọ́dún 1980, èyí tó kọ lórí àwọn òrìṣà tẹ̀ lé e lọ́dún 1981. Lọ́dún 1982, Yunifásítì Federal Bahia ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọmọ Áfíríkà ní Brazil, tó ti bá wọn ṣètò.

Ohun tó ṣe sí ogún rẹ̀

Ọ̀nà tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀. Ó lè kó àwòrán rẹ̀ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Faransé, tí yóò fi wọ́n sínú yàrá tútù, tí yóò sì máa béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọmọ Kétu tó bá fẹ́ rí ìyá ìyá rẹ̀. Ó lè tà wọ́n fún àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ. Ó lè dá wọn padà sí Dakar tàbí Ifẹ̀.

Èyí tó yàn ni pé kó má kó wọn kúrò níbi tí wọ́n wà. Lọ́dún 1988, ó dá àjọ kan sílẹ̀, Fundação Pierre Verger, ó sì fi ilé, nẹ́gátíìfù, ìwé àti ìwádìí rẹ̀ fún un. Owó tí ìwé àti àwòrán bá mú wọlé ni kí wọ́n fi máa bójú tó wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Bahia dúró tì í, òun fúnra rẹ̀ sì di ààrẹ àjọ náà. Lọ́rọ̀ kan, bàbá náà sọ ara rẹ̀ di àlejò nínú ilé ara rẹ̀: kò tún ní nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni lè bá a jogún, síbẹ̀ ibẹ̀ náà ló ń sùn, tó ń jí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nílẹ̀ Yorùbá yóò sọ pé Ifẹ̀ ló yẹ kó fún, mi ò sì lè sọ pé wọ́n jayò pa. Ewé tó kọ sílẹ̀, ẹnu àwọn àgbà wa ló ti gbọ́ ọ. Ojú tó wà nínú àwòrán, ojú àwọn ènìyàn wa ni. Ọ̀nà sì jìn láti Ifẹ̀ dé Salvador. Ṣùgbọ́n àwọn ará Bahia pẹ̀lú jẹ́ ọmọ inú ilé kan náà, àwọn sì ni òwò ẹrú já ìtàn gbà mọ́ lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé ó di dandan kí ogún náà wà lápá kan òkun, mo gbà pé apá tí wọ́n ti pàdánù jù ló yàn. Àjọ náà ti fi ọ̀pọ̀ àwòrán sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ìgbà náà, èyí tó dín ìrìn kù díẹ̀.

Iṣẹ́ ló fi ọdún tó kù ṣe: ó ń to àwòrán, ó ń kọ orúkọ ibi tí wọ́n ti yà wọ́n, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa máa méfò. Ewé, ìwé tó kó ìmọ̀ oògùn Yorùbá tó lé ní 400 sí, jáde lọ́dún 1995.

Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kejì, ọdún 1996, olórin Gilberto Gil lọ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún fíìmù kan. Verger sọ fún un láìfi bò pé òun kò lè gba kí òrìṣà gun òun, nítorí pé ọpọlọ Faransé tí wọ́n fi tọ́ òun kò jẹ́ kí òun jọ̀wọ́ ara òun. Ó ní ó dun òun. Lọ́jọ́ kejì, ó kú. Ẹni ọdún 93 ni.

Wọn kò ta ilé náà. Lọ́dún 2005, àjọ náà ṣí gbàgede àṣà kan fún àwọn ará àdúgbò, níbi tí àwọn ọmọdé Engenho Velho de Brotas ti ń kọ́ ìlù, ijó àti capoeira.