Hideyo Noguchi: Ẹni Tó Bẹ̀rẹ̀ Nídìí Oró Ejò

 Àwọn kan nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ní Ìgbẹsà níbí, tí ẹ kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìlera, máa ń bi wá bóyá kò ní tàbùkù ẹni tó ti gba ìwé ẹ̀rí bí ó bá lọ ń fọ ìgò ní yàrá ìwádìí ní Ìdí-Àràbà tàbí Ṣàgámù. Ìtàn ọkùnrin kan ni a fẹ́ fi dá yín lóhùn. Kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Adúláwọ̀ ni ó kú sí.

Ọdún 1876 ni wọ́n bí Noguchi ní Inawashiro, ní ilẹ̀ Japan, sínú ìdílé òtòṣì. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tó fi ṣubú sínú ààrò. Iná jó ọwọ́ òsì rẹ̀, àwọn ìka lẹ̀ mọ́ra. Shika, ìyá rẹ̀, rí i pé ọwọ́ yẹn kò lè di ọkọ́ mú, ó bá fi gbogbo agbára rán an nílé ìwé. Àwọn olùkọ́ àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáwó jọ, dókítà kan sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọwọ́ náà ní 1892. Ọ̀dọ̀ dókítà yìí kan náà ni Noguchi ti lọ di ọmọ iṣẹ́. Nígbà tó fi máa di 1897, ó ti yege ìdánwò ìṣègùn.

Ní 1899 ó bá ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Simon Flexner, pàdé ní Japan, ó ní òun fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Flexner kò ṣe ìlérí gidi kan. Àfi bí Noguchi ṣe dé sí Yunifásítì Pennsylvania ní ìparí 1900 láìsọ tẹ́lẹ̀! Kò sí àyè iṣẹ́. Ohun tí Flexner rí fún un ni ìwádìí oró ejò: kí ó máa gba oró lẹ́nu ejò, kí ó wo ohun tí ó ń ṣe fún ẹ̀jẹ̀. Ta ni nínú wa ni kò ní kùn? Ó gbà á. Ní 1904 Flexner mú un lọ sí Rockefeller ní New York, ìwé ńlá rẹ̀ lórí oró ejò sì jáde ní 1909. Ní 1913 ó fi hàn pé kòkòrò àrùn sífílíìsì wà nínú ọpọlọ àwọn tí àrùn náà sọ di wèrè.

Ṣùgbọ́n a kò ní bo àléébù rẹ̀. Ó gún àwọn ọmọdé, títí kan ọmọ òrukàn, lábẹ́rẹ́ fún àyẹ̀wò rẹ̀ láìgba àṣẹ. Èyí burú. Ó tún yára kéde ní 1919 pé òun ti rí kòkòrò tó ń fa ibà pọ́njúpọ́ntọ̀. Ní 1927, àwọn oníwàádìí Rockefeller tó fi Yaba ṣe ibùdó mú ẹ̀jẹ̀ Asibi, ọkùnrin Gold Coast kan tí ibà náà ń ṣe, wọ́n fi gún ọ̀bọ. Wọn kò rí kòkòrò Noguchi níbẹ̀ rárá.

Noguchi kò fẹ́ gbà. Ó gba Accra lọ ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ó dá yàrá ìwádìí tirẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 1928 ó wá sí Èkó, ó padà, ibà náà gbé e ṣánlẹ̀, ó kú ní ọjọ́ 21. Dókítà Young tó gbà á sílé ìwádìí Accra kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Abẹ́rẹ́ tí àwọn alálàájì wa ń gbà kí wọ́n tó fún wọn ní yẹ́lò káàdì, inú ẹ̀jẹ̀ Asibi yẹn ni wọ́n ti mú un jáde ní 1937. Orúkọ Noguchi sì wà lára ilé ìwádìí ìṣègùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Legon ní 1979.