Àṣírù Ọlátúndé, Alágbẹ̀dẹ Tí Ó Fi Páànù Ya Òṣogbo

Ní ọdún 1918 ni wọ́n bí Àṣírù Ọlátúndé ní Òṣogbo, sínú ìdílé alágbẹ̀dẹ. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, wọn kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin pé iṣẹ́ wo ni yóò ṣe. Kí ó tó mọ̀ ọ́n rìn dáadáa ni yóò ti máa gbọ́ ìró ẹwìrì, tí yóò sì máa wo bí iná ti ń sọ irin líle di ohun tí ó ṣeé tẹ̀. Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ni ọkọ́ àgbẹ̀ àti àdá ọdẹ ti ń wá. Ọwọ́ rẹ̀ náà ni òsùn babaláwo ti ń wá, irin gbọọrọ tí ẹyẹ bà lé lórí, tí kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ó ni ín bá ṣì wà láàyè. Ní ọjọ́ ọdún Ifá, gbogbo ojú ni ó máa ń wà lára ẹni tí ó mú òsùn dání. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó máa ń rántí ẹni tí ó rọ ọ́.

Iṣẹ́ yìí ni Àṣírù bá lọ́wọ́ àwọn baba rẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbà á. Àìsàn ba á jà títí ó fi di dandan fún un láti fi iṣẹ́ irin líle sílẹ̀. Ọ̀ràn ńlá ni èyí jẹ́ fún ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, nítorí alágbẹ̀dẹ tí kò lè gbé owú mọ́ kò ní ohun tí yóò fi bọ́ ilé. Àṣírù kò tìtorí rẹ̀ sá fún òòlù. Ó wá ohun tí kò le tó irin, ó mú bàbà pẹlẹbẹ, ó sì ń fi òòlù kékeré ṣe yẹtí àti ohun ọ̀ṣọ́ mìíràn fún títà.

Àwọn ohun ọ̀ṣọ́ wọ̀nyí ni ó sọ ọ́ di ẹni mímọ̀. Susanne Wenger, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti Ulli Beier ti dé Nàìjíríà láti ọdún 1950, wọ́n sì ti ń gbé Òṣogbo nígbà tí iṣẹ́ Àṣírù kàn wọ́n lójú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n gbà á níyànjú pé kí ó lo páànù tí ó fẹ̀ ju ti yẹtí lọ. Ní ọdún 1962, Beier àti Dúró Ládípọ̀ dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní ìlú náà, àwọn ọ̀dọ́ sì ń kọ́ iṣẹ́ ọnà níbẹ̀. Àṣírù kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ wọ̀nyí. Ó ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà, ilé agbẹ̀dẹ sì ti kọ́ ọwọ́ rẹ̀ tán.

Bí ó ti ń ṣe é kò ṣòroó sọ. Yóò fi òòlù àti irin ẹlẹ́nu kékeré lu páànù láti ẹ̀yìn, kí àwòrán lè wú síwájú. Yóò wá fi àmì wínníwínní kún ojú rẹ̀, títí yóò fi rí bí ìyẹ́ awó. Bàbà ni ó kọ́kọ́ lò. Nígbà tí ó yá, ó mú àlùmíníọ̀mù, tí ó rọ̀, tí ó sì fúyẹ́.

Ohun tí yóò yà sára páànù kò sì gbé e rin ìrìn àjò kankan. Ohun tí ọmọ Òṣogbo ń fi ojú rí ni ó ń lù: ààfin àti àwọn tí ń wọlé tọ ọba, onílù, ọdẹ àti ẹran ìgbẹ́. Ó lu ọdún Ọ̀ṣun, tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nígbà tí Láróòyè àti Tìmẹ́hìn kúrò ní Ìpólé tí wọ́n sì tẹ̀dó sí etí odò. Ó lu Ádámù àti Éfà pẹ̀lú, ó lu ọkọ̀ Nóà. Orúkọ mùsùlùmí ni ó ń jẹ́, ìran Ògún ni wọ́n bí i sí, ìtàn inú Bíbélì sì wà lára páànù rẹ̀; ẹni tí ó bá mọ agbo ilé Yorùbá kò ní rí ohun àjèjì nínú ìyẹn.

Igi ni ó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Igi kan ṣoṣo yóò gba ojú páànù, ẹ̀ka rẹ̀ yóò nà dé etí méjèèjì, ẹyẹ àti ẹranko yóò sì kún inú rẹ̀ bí èrò ọjà, láìsí èyí tí ó gba àyè mọ́ èkejì lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá wo àwọn ẹyẹ náà pẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ẹyẹ orí òsùn.

Àṣírù kú ní ọdún 1993. Iṣẹ́ rẹ̀ ti kọjá sí òkè òkun, ó wà nínú àkójọ Iwalewahaus ní Bayreuth, ní Jámánì. Ní Òṣogbo, àwọn tí ń lu àlùmíníọ̀mù bẹ́ẹ̀ ṣì wà, wọ́n sì ṣì ń lu igi tí ẹyẹ kún.